Ìpara Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá Mi

Houston, Texas
Ogúnjọ́, oṣù Kẹfà, 2001

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ìwé yìí. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra ìlú tó le. Ṣé ara Màmá ti yá? Ṣé Ẹniọlá ọmọ Ẹ̀gbọ́n kò fi ariwo gbé ilé yín? Èmi wà láàyè. Iṣẹ́ méjì ni mo ń ṣe: lọ́sàn-án mò ń to ọjà sórí àtẹ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, nírọ̀lẹ́ mò ń gbálẹ̀ ní jíìmù, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń sanwó kí wọ́n tó lè gbé irin tó wúwo. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni.

Lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n mi Ìbídùnní kọ láti Àkúrẹ́ kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìjọba kò ti san owó ìfẹ̀yìntì yín mọ́ ni ẹ ti rù. Wọ́n ní bí ẹ bá ń rìn lọ sí pápá ilé ìwé tí ẹ ti kọ́ àwọn ọmọ ní eré sísá fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ń jókòó sinmi lọ́nà. Wọ́n tún sọ ohun mìíràn tí Màmá sọ fún wọn, èyí tí kò yẹ kí n máa tún sọ létí bàbá mi.

Àwọn ará ibí ní ọjọ́ kan lọ́dún tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí bàbá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ní kí n to àtẹ kan, wọ́n kọ ọ́ sí òkè rẹ̀ pé ẹ̀bùn rè é fún ọkùnrin tó fẹ́ kí ara òun le. Bí mo ti ń tò ó ni mò ń rò yín. Mo ra okùn rọ́bà méjì tí ẹ ó máa fà fún apá, okùn tí ẹ ó máa fò, àti fítámìnì fún egungun. Ẹ̀kẹrin kò sí lórí àtẹ wa, ẹnì kan nínú àwọn tó ń gbé irin ní jíìmù ló tà á fún mi. Ìpara ni. Ó tutù lára, ó sì máa ń yára gbẹ. Ẹ máa fi díẹ̀ pa èjìká láàárọ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, ó ń dá agbára padà fún àgbàlagbà. Mo tú u kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀ sínú ike ìpara lásán kí ẹrù lè fúyẹ́. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ máa lò ó o.

Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí, ọmọ Oǹdó tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń kó o bọ̀. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ gbé Ẹniọlá sókè fún mi lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ yín,
Akínbọ̀wálé


Oǹdó
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje, 2001

Akínbọ̀wálé ọmọ mi,

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Májẹ́kódùnmí dé, ó kó gbogbo rẹ̀ fún wa láìyọ ọ̀kan. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà. Èmi kì í ṣe ọmọdé, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́, mo sì fẹ́ òmíràn.

Okùn rọ́bà ọ̀hún, mo so ó mọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ń fà á. Àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ rò pé mò ń já ewúrẹ́ gbà lọ́wọ́ igi. Ní báyìí wọ́n ti ń jókòó wò mí. Mo rìn dé pápá lọ́jọ́ Ẹtì, n kò jókòó lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ràn ìpara náà ju ìyókù lọ. N kò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ara mi mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ ní kí n má kọ ìyókù sínú lẹ́tà.

O ní kí n dá lò ó. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ibẹ̀. Nínú ilé wa yìí, ta ló ti ń dá jẹ rí? Ohun tó bá gba orí omi kọjá wá kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìdí nìyí tí ike náà fi ti ń lọ sí ìsàlẹ̀. Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, fi òmíràn ránṣẹ́.

Ẹniọlá ń kí ọ. Ìbídùnní kò tíì lè mú un padà sí Àkúrẹ́ nítorí iṣẹ́, ìyá rẹ kò sì ṣe tán láti yọ̀ǹda rẹ̀. Bí mo bá ń sùn lọ́sàn-án, orí àyà mi ni ọmọ náà ń sùn. Ìyá rẹ tún ní kí n bi ọ́ léèrè ìyàwó. Èmi kò bi ọ́ o, òun ló bi ọ́.

Bàbá rẹ,
Dúrótoyè, gémù-másítà


Houston
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹsàn-án, 2001

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Inú mi dùn débi pé mo ka lẹ́tà yín fún òyìnbó tí a jọ ń gbálẹ̀. Ẹ kú ìmúra sí eré ìdárayá. Mo ti rí ike ìpara kejì, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹni tó ń bọ̀ ní oṣù tó ń bọ̀ ni yóò gbé e wá.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò yẹ kó tètè tán bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń bù ú fún àwọn ọ̀rẹ́ yín fún orúnkún ríro, ẹ má bínú, ẹ má ṣe é mọ́. Kì í ṣe ìpara orúnkún. Àlàyé rẹ̀ gùn, bí mo bá délé lọ́jọ́ kan a ó jọ jókòó sọ ọ́. Nípa ìyàwó, ẹ sọ fún Màmá pé mo gbọ́.

Ọmọ yín,
Akínbọ̀wálé


Oǹdó
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kọkànlá, 2001

Akínbọ̀wálé,

Ìkíni kò pọ̀ lẹ́nu mi lónìí, má bínú. A gbọ́ lórí rédíò nípa àwọn ilé gíga tí wọ́n fi bàálù wó ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ méje ni ìyá rẹ fi gbààwẹ̀ kí a tó gbọ́ pé o wà láàyè. Ìpara kejì ti dé. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà nílẹ̀.

Ẹniọlá ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì. Irorẹ́ bo iwájú orí rẹ̀ bí ti ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé gíga. Irun hù sí i lábíyá, ó sì ń hù lókè ètè. Bó bá sáré díẹ̀, òórùn àgbàlagbà ló ń ti ara rẹ̀ jáde. Ohùn rẹ̀ ti kì. Bó bá pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, mo máa ń rò pé àlejò ọkùnrin ló dé. Bàtà tí a rà fún un ní oṣù Kẹjọ kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ yọ eyín ọmọ aládùúgbò. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wò ó títí, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Mo ti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, mo mọ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Èyí kì í ṣe ìdàgbà. Ẹ̀rù ń bà mí.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Ìyá Kọ́ládé, ìyá ọkọ Ìbídùnní, wá láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ wá kí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìyá rẹ ń wẹ ọmọ lọ́wọ́. Obìnrin náà wo ọmọ, ó wo ìyá rẹ, ó sì bọ́ síta. Ó ní ẹnì kan ló ń fi ọjọ́ orí ọmọ náà kún tirẹ̀. Ó ní kí a wo ìyá rẹ dáadáa: obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ara rẹ̀ ń le sí i, ohùn rẹ̀ ń dún bí ti ọkùnrin, irun sì ń hù sí i lágbọ̀n. Òótọ́ ni, irun díẹ̀ hù níbẹ̀, èmi náà ti rí i. Ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀? Ẹ gbé ọmọ wa wá sí ulé àdúrà kó tó pẹ́ jù."

Wọ́n ti fi ẹnu kò. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú ọdún tuntun ni wọn yóò gbé Ẹniọlá lọ sí ilé àdúrà kan létí odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Kọ́ládé fara mọ́ ọn. Ìbídùnní ń sunkún, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá rẹ kò jẹun dáadáa mọ́.

Ìwọ sọ fún mi, ta ló ń tọ́jú ọmọ bí ìyá rẹ? Láràárọ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń nà án lápá, tó ń nà án lẹ́sẹ̀, bó ti ṣe fún ìwọ náà. Nígbà tí òrí wọ́n lọ́jà, ìpara tìrẹ ló ń bù láti fi wọ́ gbogbo ara ọmọ. Èmi tí o rà á fún gan-an kì í rí i lò tó ọmọ náà. Ṣé ẹni tó fẹ́ pa ọmọ jẹ ni yóò máa fún un ní ohun tó dára jù nínú ilé?

Bá wa bi àwọn dókítà òyìnbó léèrè. Má jẹ́ kó pẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bàbá rẹ,
Dúrótoyè


Houston
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kejìlá, 2001

Bàbá mi,

Ẹ gba ike ìpara náà lọ́wọ́ Màmá. Kí ẹ tó ka ìyókù lẹ́tà yìí, ẹ dìde, ẹ gbà á.

Lónìí ni lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ka gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti sọ ohun tí Màmá fi ń wọ́ ara ọmọ, mo jókòó sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́. Bàbá, oògùn ni. Họ́mónù ọkùnrin ló wà nínú rẹ̀, ohun tó ń hu irùngbọ̀n fún ọmọkùnrin tó bá bàlágà, tó ń mú ohùn rẹ̀ kì. Awọ ara ló ń gbà wọlé. Oṣù márùn-ún ni wọ́n ti ń fi pa ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọwọ́ tí Màmá fi ń pa á náà ló gbé e wọ inú ara tiwọn. Orí àyà yín tí ọmọ ń sùn sí pàápàá, ó wà níbẹ̀.

Ìwé kan wà nínú páálí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé kí obìnrin àti ọmọdé má fara kàn án, kí ẹni tó bá lò ó fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kó sì wọ aṣọ bo ibẹ̀. Mo kà á. Èmi ni mo yọ ìwé náà kúrò, èmi ni mo tú oògùn sínú ike ìpara. Irọ́ ni mo pa nípa ẹrù. Mo bẹ̀rù pé ẹ ó ka ohun tí wọ́n ń lò ó fún, ẹ ó sì mọ̀ pé Màmá ti sọ ọ̀rọ̀ yín fún Ẹ̀gbọ́n, pé èmi náà ti gbọ́. Báwo ni ọmọ ṣe ń la ẹnu sọ irú rẹ̀ fún bàbá rẹ̀? Ìtìjú yẹn ló ṣe ohun tó ṣe Ẹniọlá.

Mo ti lọ bá dókítà kan. Ó ní bí a bá dá a dúró kíá, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò padà sẹ́yìn, kí ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n yẹ egungun rẹ̀ wò. Mo bi í bóyá gbogbo rẹ̀ ni yóò padà. Ó ní egungun rẹ̀ ni yóò sọ.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe é ní nǹkan kan àfi èmi. Ṣùgbọ́n Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn sọ fún wọn pé ìpara náà kò bá ara ọmọ mu. N kò fẹ́ kí Oǹdó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ti fi tẹlifóònù pe ibi tí wọ́n ti ń gba ìpè ní ìsàlẹ̀ àdúgbò yín. Ọmọbìnrin kan gbé e, ó ní òun yóò jíṣẹ́. Kò bi mí léèrè orúkọ ẹni tí yóò jẹ́ ẹ fún kó tó gbé e sílẹ̀. Nígbà tí mo tún pè, kò wọlé mọ́.

Akínbọ̀wálé


Houston
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejìlá, 2001

Ẹ̀gbọ́n mi Ìbídùnní,

Ẹ kú ọdún. Ibi iṣẹ́ yín ní Àkúrẹ́ ni mo fi èyí ránṣẹ́ sí, mo sì san owó kí wọ́n yára gbé e, nítorí mo gbọ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ pé lẹ́tà tí mo kọ sí Bàbá ṣì wà nílẹ̀ nítorí ọdún Kérésì. Ìpara tí mo fi ránṣẹ́ sí Bàbá ló ń ṣe Ẹniọlá. Kì í ṣe Màmá. Oògùn ọkùnrin ni, Màmá kò mọ̀, èmi ni n kò sọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìpara náà kan ara ọmọ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

N kò lè sùn. Bí ẹ bá rí èyí gbà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré padà.

Àbúrò yín,
Akínbọ̀wálé


Ìjàpọ̀ Ẹ̀sítéètì, Àkúrẹ́
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kìíní, 2002

Àbúrò mi,

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí ni lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n ti gbé ọmọ mi lọ.

Bàbá jà, wọ́n tì í sẹ́yìn ọgbà. Èmi àti Màmá wọlé. Wòlíì ní Ẹniọlá kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan omi títí ẹni tó dì í yóò fi jẹ́wọ́. Ní ọjọ́ kìíní ó ń sunkún. Ní ọjọ́ kejì kò sunkún mọ́, ó kàn ń lá ètè. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bẹ Kọ́ládé, ó ní kí n ní ìgbàgbọ́. Jẹ́ kí n sọ fún ọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni: mo wo irun àgbọ̀n ìyá tó bí mi, mo sì bi ara mi léèrè bóyá òun ni. Ẹnu mi kọ́ ni mo fi bi í, ṣùgbọ́n ó rí ojú mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ojú ọmọ ń yí. Màmá dìde láàárín ènìyàn tó tó ọgọ́rùn-ún, ó rìn lọ síwájú, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo ń jẹ ẹ́. Ẹ fún un lómi."

Wọ́n fún un lómi.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e mo padà sí Àkúrẹ́ láti lọ tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo bá lẹ́tà rẹ lórí tábìlì mi. Mo kà á, mo sì figbe ta. Ọjọ́ kan péré, Akínbọ̀wálé. Mo mú ọlọ́pàá kan lẹ́yìn, a gba ọmọ jáde. Dókítà ilé ìwòsàn ka lẹ́tà rẹ, ó yẹ ọmọ wò, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Irun ń re díẹ̀díẹ̀. Nípa ohùn rẹ̀, ó ní ó ṣeé ṣe kó má padà. Egungun rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a ó máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹniọlá wà lọ́dọ̀ mi. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba ife omi lọ́wọ́ òun, bó bá tilẹ̀ ti mu tán. Mo ti fi ilé ọkọ sílẹ̀ ná. N kò tíì mọ bí n ó ṣe dárí jì ọ́. N kò sì mọ bí Màmá yóò ṣe dárí jì mí.

Ìbídùnní


Oǹdó
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì, 2002

Akínbọ̀wálé ọmọ mi,

Àwọn lẹ́tà rẹ dé sọ́wọ́ mi, gbogbo rẹ̀. Mo wa ilẹ̀, mo ri ike méjèèjì mọ́lẹ̀, mo sun aṣọ tó bá wọn pàdé. N kò fẹ́ kí a jọ máa sunkún, nítorí ohun tó wà níwájú le ju èyí tó ti kọjá.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ti kúrò ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ó ti wọ Oǹdó. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn tó ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò wá mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àga tó bá jókòó sí, àwọn yòókù á dìde kúrò nítòsí rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́fà wá dúró sí iwájú ilé wa. Wọn kò kí mi. Mo kọ́ méjì nínú wọn ní eré sísá. Ọ̀kan nínú wọn mú táyà ọkọ̀ dání. Wọ́n dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì lọ. N kò tíì lè jáde kí n fi ìyá rẹ sílẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Mo sọ fún wọn pé ìpara ni, pé kò bá ara ọmọ mu, gẹ́gẹ́ bí o ti ní kí n sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìpara wo ló ń hu irun fún ìkókó? Wọ́n ní ọkọ àjẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n sì ní ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni o fún mi, ọmọ mi, ìdajì ọ̀rọ̀ kò sì lè gba obìnrin náà là.

Nítorí náà, kọ lẹ́tà mìíràn. Má kọ ọ́ sí mi, kọ ọ́ sí gbogbo ará Oǹdó. Kọ ọ́ ní Yorùbá tí ọmọdé yóò gbọ́. Kọ ọ́ pé Dúrótoyè, gémù-másítà, kò lè ṣe ojúṣe ọkọ mọ́ lórí ibùsùn rẹ̀, pé ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ra oògùn okó fún un. Kọ orúkọ oògùn náà, kí o fi ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀ sí i. Má fi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́ nítorí mi. N ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, n ó kà á sókè. Lẹ́yìn náà n ó kà á níwájú ilé olóyè àdúgbò, n ó sì kà á níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn ń jókòó sí. Jẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí n ó fi kú. Ẹni tí wọ́n bá ń fi rẹ́rìn-ín, wọn kì í sun ún níná.

Má jẹ́ kó pẹ́. Kì í ṣe nítorí àwọn ọ̀dọ́kùnrin nìkan. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí mo gbé ẹ̀kọ fún ìyá rẹ, kò gbà á. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fún ìgbà pípẹ́, ó sì bi mí léèrè, jẹ́jẹ́, bóyá ó dá mi lójú pé kì í ṣe òun.

Bàbá rẹ,
Dúrótoyè